Ilẹ̀kùn Kékeré Tí Mo Ní Kí Bísọ́lá Yọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, tí màmá yín ń sọ nọ́ọ̀sì, tí bàbá yín ń sọ lọ́yà, tí ọkàn tiyín sì wà níbòmíràn, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Orúkọ mi ni Mùkáílà. Ní Peckham níbí, Uncle Mùká ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, àfi ní mọ́ṣáláṣí àti lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò mi kan tí wọ́n ti ń pè mí ní Àlàájì. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo fi tẹrí ba sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ní ti àkísà, kò sí àríyànjiyàn. Tèmi pọ̀, epo ẹ́ńjìnnì ló sì kún ara gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ń ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti mókè. Èmi náà máa sọ ibi tí mo ti mókè, ẹnu mi ò ní gbà kí n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni àṣìṣe méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Mo ṣe ọ̀kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí. Mo ṣe èkejì nígbà tí irun mi ti funfun tán, tí gbogbo èèyàn sì gbà pé n kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Èkejì yẹn fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Mọ́kọ́lá, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Ọ̀gá yìí kúrú, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, síbẹ̀ àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀ ju sójà lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bóòtì ni mo ń fọ̀. Màá fọ̀ wọ́n nínú bẹntiróòlù, màá tò wọ́n sórí páálí lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe jáde lára ọkọ̀, Ọ̀gá á sì dé, á fẹsẹ̀ gbá páálí náà, á ní, "Tún un tò." Nígbà tí títò wá mọ́ mi lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa fìlà rẹ̀ bò mí lójú, á ní kí n nawọ́ mú sípánà mẹ́tàlá. Bí mo bá mú méjìlá, ó di kí n gbá gbogbo ilẹ̀ ibi iṣẹ́ nìyẹn. Mo gbá ilẹ̀ yẹn títí ilẹ̀ náà fi mọ̀ mí lórúkọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe sípánà ni ẹ̀kọ́ tó le jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí á tó fọ ọwọ́, a máa jókòó yí Ọ̀gá ká. Á nawọ́ sí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, á béèrè pé, "Ta ló tú u?" Ẹni tó tú u á dìde, á sọ ohun tó tú, ohun tó dì padà, àti ohun tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, Ọ̀gá kì í bá a wí púpọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tí àṣírí rẹ̀ wá tú, òun ló máa ń rí pípọ́n ojú rẹ̀.

Èmi náà dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ń de plọ́ọ̀gì ọkọ̀ tísà kan, plọ́ọ̀gì náà wọ́, mo fi agídí yí i, ihò rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà tí Ọ̀gá béèrè pé ta ló tú u, ilẹ̀ ni mo ń wò. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí tísà fi ti ọkọ̀ padà wá, tí ẹ́ńjìnnì ti tu plọ́ọ̀gì yẹn síta lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ò lù mí. Ó dúró di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ní kí n wọ aṣọ tó mọ́, ó sì mú mi lọ sílé tísà. Níwájú ìyàwó tísà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti ní kí n sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́, sà. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, mo kàn dákẹ́ ni."

Ojú tì mí débi pé n kò fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún mi. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Ọ̀gá ní, "Ọkọ̀ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Mẹkáníìkì tó bá ń fi nǹkan pa mọ́ á pa èèyàn lọ́jọ́ kan." Gbólóhùn yẹn nìkan ló sọ. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí tó fi fún mi ní fíríídọ̀mù lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ohun kan ṣì wà tí Ọ̀gá kọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Nínú ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí a ń pè ní tẹ́mọ́sítáàtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ilẹ̀kùn yẹn á tì, omi ò ní lè gba inú rédíétọ̀ kọjá lọ tutù, ẹ́ńjìnnì á sì tètè gbóná. Bó bá gbóná tó bó ṣe yẹ, ilẹ̀kùn á ṣí. Ọ̀gá Làmídì ò rí ìwúlò rẹ̀ rárá. Ó ní, "Òyìnbó tó ṣe mọ́tò yìí, òtútù ìlú rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Nínú oòrùn Ìbàdàn, kí la tún ń mú nǹkan gbóná fún?" Bí ọkọ̀ kan bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, a ti yọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀gá á fi okùn so èyí tí a yọ mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀, á gbé wọn kọ́ ìṣó bí ẹní gbé tẹ̀sùbáà kọ́. Omi ẹ̀rọ lásán la sì ń rọ sí rédíétọ̀. Gbogbo mẹkáníìkì tí mo mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ sì ń rìn.

Bí mo ṣe dé London àti bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo kan ilẹ̀kùn gáràájì kan lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham. Mísítà Wínsítọ̀n, ará Jàmáíkà tó ni ibẹ̀, gbé káábúrétọ̀ kan lé mi lọ́wọ́, mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo dì í padà, ó ní kí n máa bọ̀ ní Mọ́ńdè. Owó rẹ̀ tó jẹun, kò tó yangàn.

Oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni òtútù mú. Obìnrin kan láti Stockwell gbé bọ́ọ̀sì kékeré kan wá, èyí tó fi ń kó àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́ lọ sí ọsibítù. Rọ́bà omi rédíétọ̀ rẹ̀ ló ya. Mísítà Wínsítọ̀n ti lọ wo ọkọ̀ ẹlòmíràn. Mo pààrọ̀ rọ́bà náà kíákíá, mo rọ omi ẹ̀rọ sí i títí ó fi kún, mo gbé bọ́ọ̀sì síta, mo sì ń súfèé lọ sílé. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi, yìnyín ni mo tẹ̀.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, gbogbo títì ti funfun. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì náà, mo rí ìlà kan lára irin ẹ́ńjìnnì, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi, yìnyín sì yọ ẹnu jáde láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fírísà rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi tó bá ń dì máa ń wú, ohun tó bá há a mọ́ á sì sán. Ẹ́ńjìnnì náà ti kú, kò sí ọ̀rọ̀ àtúnṣe níbẹ̀.

Mísítà Wínsítọ̀n dúró lẹ́yìn mi, ó béèrè pé ta ló rọ omi sí i. Mo búra fún yín, kì í ṣe ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ọ̀gá Làmídì ni mo gbọ́, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í lọ sókè yẹn. Mo ti dáhùn kí n tó ronú.

Mo ní, "It's me, sir. Omi nìkan ni mo rọ sí i. Water only."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Water only," bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Ó ní kí n lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn ní ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù, kí n sì gbé e wọ̀ ọ́ fúnra mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ní ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn, ọkọ̀ tara rẹ̀ ni Mísítà Wínsítọ̀n fi ń gbé àwọn arúgbó yẹn lọ sí ọsibítù, méjì méjì. Kò bú mi. Nígbà tí mo ṣe tán, ó gbé gálọ́ọ̀nù omi búlúù kan sílẹ̀ níwájú mi, áńtífíríìsì, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi kó má bàa dì. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, èmi ni màá máa rọ ọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ gáràájì. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ẹ̀kọ́ ti omi wọ̀ mí lára. Ti ilẹ̀kùn kékeré ńkọ́? Mo ń fi tẹ́mọ́sítáàtì sínú ọkọ̀ wọn torí pé ìwé ní kí n fi í síbẹ̀. Nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé Ọ̀gá Làmídì ló gbọ́n ju ìwé lọ.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, etí ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò wa. Màá ki orí irin skrudráífà mọ́ ẹ́ńjìnnì, màá fi ìdí rẹ̀ sétí, màá sì gbọ́ èyí tó ń ráhùn nínú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fa káábúrétọ̀ yọ, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sí i. Inú bí mi. Mo ra ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mo sì fi pa mọ́ sínú àpótí fún oṣù mélòó kan bí ẹni tó ra ìwé tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ tí mo wá gbé e jáde, ó sọ ohun tí mo fi ọ̀sán gbogbo wá láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ìgbà náà, mo ń bi ẹ̀rọ, mo sì tún ń fi etí mi gbọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ yìí ti di tiyín ju bó ṣe jẹ́ tiwa lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé ni.

Mísítà Wínsítọ̀n fẹ̀yìn tì, ó fa gáràájì lé mi lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀ títí orúnkún mi fi ní ó tó. Kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo jókòó síbi tí mo ti máa ń da epo ẹ́ńjìnnì, ọmọkùnrin kan sì gbé nǹkan dúdú fún mi nínú ife kékeré. Mo wò ó, mo ní ibí yìí ò tíì yí padà púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Bísọ́lá. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní fúláàtì tó wà lókè tèmi. Ìyá rẹ̀, Mummy Bísọ́lá, ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù, ó sì jẹ́ òpó kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èyí tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí wa. Bísọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ń pààrọ̀ táyà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Elephant and Castle. Ó ra ọkọ̀ kékeré kan tó ti gbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kó lè lágbára ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ó pààrọ̀ àwọn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú rẹ̀ sí èyí tó tóbi, ó so laptop mọ́ ọn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn àṣẹ tuntun sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà. "Map" ni wọ́n ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, màá gbé àga jókòó tì í níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, màá máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á máa bi mí ní ìbéèrè. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Mo gbàdúrà nígbà ayé mi nínú gáràájì pé kí Ọlọ́run fún mi ní ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì tán ló wá dáhùn.

Nígbà ooru tó kọjá, ọkọ̀ náà gbóná jù fún un nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Elephant. Ó wá bá mi, ó ní kí ni kí òun ṣe. N kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

Mo ní, "Yọ tẹ́mọ́sítáàtì yẹn dànù. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn."

Ó yọ ọ́. Ọkọ̀ ò gbóná mọ́. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé uncle òun kò nílò laptop, èmi náà sì fẹ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé.

Nígbà tí ọdún yí, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ọkọ̀ eré ìje, lẹ́yìn odi London, kọ̀wé sí i pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní kó gbé ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe wá, àwọn fẹ́ wò ó. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ó ti bá ìyá rẹ̀ ṣe àdéhùn pé bí wọn ò bá gba òun, nọ́ọ̀sì lòun máa lọ kọ́ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Kò tún ní sí ẹjọ́ mọ́.

Òtútù ọjọ́ náà mú ju ti gbogbo ọdún lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Súbúhì tán, mo ń ká ẹní mi, ni mo gbọ́ tí Bísọ́lá ń kan ilẹ̀kùn.

"Uncle, ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ̀ mi ò start. I've tried everything. Interview yẹn, today ni."

Mo ní, "Wákàtí mélòó ni ibẹ̀ sí ibí?"

"Two hours. Bí traffic ò bá sí."

Aago méje ò tíì lù. Mo wọ kóòtù lé jalámíà mi, mo tẹ̀ lé e. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, bátìrì ò ní ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n kò jí. Mo ní kó má yí i mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá jí, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi í: ṣé iná dé, ṣé afẹ́fẹ́ dé, ṣé epo dé? Mo tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbóòórùn, bẹntiróòlù ló kún imú mi. Epo ti dé kọjá bó ṣe yẹ. A tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, bẹntiróòlù sì ń kán lára wọn. Dúdú yẹn kì í ṣe ti ọjọ́ kan, ó sì yà mí lẹ́nu.

Mo fi àkísà nù wọ́n, a jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ epo ara wọn níta, lẹ́yìn náà ni a gbé wọn gòkè lọ sí kíṣíìnì ìyá rẹ̀. Mummy Bísọ́lá ti wọṣọ iṣẹ́, ó ń ro ògì.

Ó ní, "Àlàájì, kí lẹ fẹ́ dín láàárọ̀ yìí?"

"Plọ́ọ̀gì ni, Mummy Bísọ́lá. Ẹ bá wa gbé ògì yẹn sọ̀kalẹ̀ díẹ̀."

Ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó ń fi ẹnu gbàdúrà, ó ń fi ojú bú mi. Ọ̀gá Làmídì ló kọ́ mi pé plọ́ọ̀gì tó gbóná máa ń tètè fọ́n iná nínú ẹ́ńjìnnì tó tutù. Nígbà tí wọ́n gbóná tán lórí iná, Bísọ́lá fi aṣọ ìnura dì wọ́n, ó sáré sọ̀kalẹ̀, èmi náà ń fi orúnkún mi bẹ àtẹ̀gùn. A dè wọ́n padà. Mo ní kó tẹ ìtẹ̀sẹ̀ iná, ìyẹn àsẹ́lẹ̀rétọ̀, mọ́lẹ̀ pátápátá kó tó yí kọ́kọ́rọ́, kí kọ̀ǹpútà lè dáwọ́ epo dúró. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín dúdú, ó jí.

Inú wa dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí Bísọ́lá tẹjú mọ́ laptop lórí itan rẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì náà dúró sí ogójì, kò gòkè. Èyí tó dára yẹ kó ti máa lọ sí àádọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpútà gbà pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ó sì ń rọ epo kún epo fún un, bí ìyá tí kò gbà pé ọmọ òun ti yó. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì sọ plọ́ọ̀gì di dúdú.

Bísọ́lá ní, "It's my map. Èmi ni mo kọ cold start yẹn wrong." Ó gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀. "Uncle, mi ò lọ mọ́. Wọ́n máa wo laptop yìí, wọ́n máa rí i pé mi ò mọ nǹkan kan."

Mo ti mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí ogójì yẹn ni mo ti mọ̀. Omi ń gba inú rédíétọ̀ kọjá nínú òtútù yìí láìsí ilẹ̀kùn kankan tó dá a dúró, ẹ́ńjìnnì ò sì lè gbóná láéláé. Èmi tí mo jókòó sórí àga nígbà ooru ni mo ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mo fẹ́ dákẹ́. Ọkọ̀ ti jí, ó máa gbé e débẹ̀. Mo lè ní kó máa lọ, kó máa tẹná sí i, kí n wá dọ́gbọ́n dá tẹ́mọ́sítáàtì padà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn án. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ní dé mọ́ṣáláṣí. Ọ̀gá Làmídì ti kú tipẹ́, Mísítà Wínsítọ̀n náà ti kú, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ta ló tú u. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó ń gbé ẹ̀bi mi rù, ó sì fẹ́ tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ilé tísà lọ.

Mo ní, "Bísọ́lá, pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Map rẹ ò ní ẹ̀sùn. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ta ló ní kí o yọ tẹ́mọ́sítáàtì nígbà ooru?"

Ó gbé orí sókè. Ó wo ogójì, ó wò mí, ó tún wo ogójì.

"Oh my days," ló wí, jẹ́jẹ́. "Uncle."

"Mo mọ̀. Má bínú, ọmọ mi. Àṣà ilé ni mo fi kọ́ ọ, n kò ronú pé òtútù ń bọ̀."

Mo rò pé ó máa bínú, ó sì tọ́ sí i. Ẹ̀rín ló bú sí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré lọ ṣí bùútù, ó gbé ike kékeré kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń di ìrẹsì tà fúnni. Tẹ́mọ́sítáàtì náà wà nínú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ọmọ yìí kì í ju nǹkan nù. Ó ti fi bírò kọ ọ́ sí ìdérí ike náà láti ìgbà ooru pé: "Thermostat. Uncle ní kí n yọ ọ́."

Mo ní, "O ti ní ẹlẹ́rìí."

Ibi tí ilẹ̀kùn náà ń wọ̀ fi ara pamọ́ sábẹ́ àwọn rọ́bà, ojú mi ò sì ríran débẹ̀ mọ́. Mo pa ojú mi dé, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ní kó fún mi ní sípánà mẹ́wàá. Ọwọ́ mi rí bóòtì méjèèjì láìwò wọ́n. Fìlà Ọ̀gá Làmídì wúlò fún mi lọ́jọ́ náà. Bísọ́lá rọ omi búlúù padà, ìyẹn ni n kò tíì gbàgbé láti ọjọ́ bọ́ọ̀sì arúgbó. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì jí. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ laptop. Ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ó dé méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ kí nọ́ńbà tó sọ ọ́, ẹ́ńjìnnì náà fara balẹ̀.

Ó wakọ̀ lọ nígbà tí aago mẹ́jọ àbọ̀ kù díẹ̀. Nígbà tí Mummy Bísọ́lá tibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí. Ó jókòó, kò bọ́ kóòtù.

Ó ní, "Àlàájì, ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n gbà á."

Mo ní, "Mo rò pé nọ́ọ̀sì lẹ fẹ́."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ jàre. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ nọ́ọ̀sì."

A jọ gbàdúrà, òun lọ́nà tirẹ̀, èmi lọ́nà tèmi.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bísọ́lá dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ nǹkan kan, ó ti pẹ́ tó ti kúnlẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní wọ́n ní kí òun fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú òtútù pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí, kí gbogbo àwọn jọ lọ jẹun, lẹ́yìn náà kí òun wá mú kí ẹ́ńjìnnì jí lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí kọ́kọ́rọ́.

"Then ọ̀gá wọn ní kí ni fault tó ṣe gbẹ̀yìn. Uncle, ẹ má bínú, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó ní báwo ni mo ṣe rí i. Mo ní uncle mi ló jẹ́wọ́, ó ní òun lòun fà á. Ọkùnrin yẹn just closed my laptop. Then ó ní, 'Can you start Monday?'"

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ láti orí àtẹ̀gùn, a sì gbọ́ tirẹ̀ náà. Èmi ń wo ilẹ̀, bí mo ṣe wò ó ní Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n ayọ̀ ni tọ̀tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ọwọ́ yín máa ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Mo ti dàgbà, tèmi ò tíì tán. Bísọ́lá fi ike yẹn ta mí lọ́rẹ, ojú fèrèsé mi ló wà báyìí. Lábẹ́ ohun tó kọ́kọ́ kọ sí ìdérí rẹ̀, ó ti fi kún un pé: "Uncle ní kí n dá a padà." Tẹ̀sùbáà mi ni mo ń kó sínú rẹ̀, àràárọ̀ tí mo bá sì ṣí i ni mo máa ń kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.